Ẹlẹ́gàrí Tó Ń Ṣọ́ Òjò Dídì

Lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń yan gàrí. Bí o bá bi í léèrè iye ìgbà tí òjò dídì rọ̀ ní ìlú Halifax, ní Kánádà, ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, yóò dá ọ lóhùn láìdúró ronú. Mùínátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Rahmah ni gbogbo wa ń pè é. Kò dé Kánádà rí. Mẹ́kà nìkan ni ìlú òkèèrè tó dé, ohun tó sì rántí jù nípa ibẹ̀ ni pé ooru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìdí agbada òun.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní àtúnṣe kan láti ṣe. Àwọn ará àdúgbò wa máa ń pe òjò dídì ní yìnyín. Yìnyín kọ́ ni. Yìnyín ni èyí tó máa ń bá òjò tiwa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń lu páànù orí ilé kíkankíkan, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú, kì í sì í pariwo. Mo ti ṣàlàyé èyí fún Ìyá Rahmah tó ìgbà ogún. Ó ní òun gbọ́. Sínóò ló ń pè é títí di òní.

Ilé mi kò ju òpó iná mẹ́ta lọ sí ilé ìyangàrí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé àti ojú ọjọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdí nìyẹn tó fi dá mi dúró ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ọdún méje sẹ́yìn, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní sínóò?”

“Òjò tó dì kó tó dé ilẹ̀ ni, Ìyá Rahmah.”

“Kí ló wá ṣe tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra? Òjò tiwa kì í dá ọkọ̀ dúró.”

Mo sọ fún un pé ó máa ń bo ilẹ̀ pápá tí ọkọ̀ ti ń sáré mọ́lẹ̀, pé ó funfun, pé ó sì lè ga dé orúnkún ènìyàn. Ó yí ojú sí òkìtì ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ tán, tó wà nínú ọpọ́n, tó ń dúró de iná.

“Ṣé ó rí bí èyí?”

Mo ní rárá o. Mo ní omi ni òjò dídì, oúnjẹ ni ẹ̀gẹ́, àwọn méjèèjì kò bára tan níbì kankan. Ó gbọ́. Ó tún wo òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọkọ rẹ̀, Alhaji Gbàdàmọ́sí, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbéra láti Halifax kó lè bá àdúà ọjọ́ kẹjọ. Òjò dídì mú un mọ́ pápákọ̀ òfuurufú fún odidi ọjọ́ méjì. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ kọjá, ó padà sí ilé rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun kan tàbí òmíràn ni kò jẹ́ kó wá: ìwé ìgbélùú, àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé, oyún, ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọwọ́ náà, Fatihah, ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ojú fóònù nìkan ni ìyá àgbà rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù tó tẹ̀lé ikú ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Rahmah ra fóònù tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun fi Halifax sí i, kí wọ́n má fi Ìjẹ̀bú-Òde sí i rárá, nítorí pé ti Ìjẹ̀bú-Òde, òun lè yọjú síta wò ó. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúà àkọ́kọ́, ó máa ń wo ohun tó rọ̀ lọ́hùn-ún, yóò sì fi èédú yà á sára ògiri ilé ìyangàrí. Sẹ̀ǹtímítà kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí mo mú rúlà wá láti ilé ẹ̀kọ́ kí n lè kọ́ ọ, ó gba rúlà náà, ó fi wọn gíga kọ́ńgò tó fi ń ta gàrí, ó sì dá a padà fún mi.

“Méjìlá,” ló wí. “Ó ti yé mi.”

Bó ṣe di pé kọ́ńgò la fi ń wọn òjò dídì Halifax nìyẹn. Ìlà gígùn kan jẹ́ kọ́ńgò kan, ìlà kúkúrú jẹ́ ìdajì. Bí òjò náà bá pọ̀ tó èyí tó ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, yóò pe Rahmah, yóò béèrè iye ọjọ́ tó gbà kí ọkọ̀ tó tún máa fò, yóò sì fi àmì tó-tò-tó sí abẹ́ ìlà náà, ẹyọ kan fún ọjọ́ kan. Rahmah rò pé eré ni. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà kan pé òun tí òun ń gbé níbẹ̀, òun kì í mọ̀ pé òjò dídì ń bọ̀ àfi bí ìyá òun bá pè láti Ìjẹ̀bú-Òde kó ní kí òun má gbàgbé bàtà gígùn.

Kì í ṣe Ìyá Rahmah nìkan ló ní irú àìsàn ojú ọjọ́ yìí. Bàbá Bọ́dúnrìn, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ernest, máa ń wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìyangàrí ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé lábẹ́ àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba, wíwọn òjò láràárọ̀ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ti ní kó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó fi òjò sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní Leeds, ìyẹn ló jẹ́ kó gbà pé òun mọ gbogbo òtútù tó wà ní òkè òkun. Ẹnì kẹta ni Micah, tó ń gba iná sí fóònù fún àwọn ènìyàn ní òdìkejì títì. Àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí fóònù tirẹ̀, ó sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni ẹnì kẹrin, mo sì máa ń wà níbẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣi nǹkan sọ.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Ètè gbogbo wa là. Bàbá Bọ́dúnrìn wọ súẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Leeds, ó dé fìlà lé fìlà, ó sì gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru rẹ̀ wá láti ilé kí ó lè fi hàn wá pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe òun.

“Mélòó ni tàárọ̀ yìí, Bàbá Bọ́dúnrìn?” Ìyá Rahmah bi í.

“Méjìdínlógún. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án.”

“Ti Halifax fi mọ́kànlá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ bọ́ fìlà kan sílẹ̀.”

“Òtútù wọn kì í wọ eegun bíi tiwa,” Bàbá Bọ́dúnrìn dáhùn, ó sì fa fìlà òkè wálẹ̀ sí i.

Oṣù yẹn kan náà ni Rahmah fẹ́ wá. Ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni yóò gbéra, yóò dé Èkó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, yóò sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú Fatihah. Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò lò nílé.

Ní ìdílé Ìyá Rahmah, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé kì í mu gàrí inú àpò. Ọjọ́ tó bá wọlé gan-an ni wọ́n máa ń yan tirẹ̀, kí ó lè mu ún nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí gàrí náà tó lè kan bó ṣe yẹ, ẹ̀gẹ́ tí a lọ gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú àpò lábẹ́ òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ yan gàrí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní láti lọ ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ kan kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dì í sínú àpò mẹ́ta. Ìyá Rahmah kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àwọn òkúta náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lé e, ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyẹn Ọjọ́rú, mo bá a lórí àpótí tó ń fọ ajọ̀. Bàbá Bọ́dúnrìn àti Micah ti wà níbẹ̀. Ni fóònù bá dún. Rahmah ni. Ìyá rẹ̀ ṣe é kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

“Màámi, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ẹ ti rí ìjì tó ń bọ̀?”

“Mo ti rí i láti ọjọ́ Ajé. Ìwọ ni n kò mọ̀ bóyá o ti rí i.”

“Ó lè dé ní ọ̀la, ó sì lè má dé. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ní ẹni tó bá fẹ́ lè sún ìrìn àjò rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé láìsan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kó tó di aago márùn-ún tiyín. Bí mo bá sún un, n ó dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì máa kù. Bí n kò bá sún un, tí sínóò sì dá wa dúró, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí àyè máa wà nínú ọkọ̀ mìíràn. Ó lè jẹ gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi tán. Bíi ti ìgbà yẹn.”

“Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe?”

“Màámi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa sínóò jù mí lọ. Ẹ sọ fún mi. N ó tún pè yín ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Aago mẹ́rin ti lù. Ìyá Rahmah gbé ajọ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin tó dájú ni, tàbí ọjọ́ mẹ́jọ tí kò dájú. Gbogbo ọdún tí ẹ ti ń jẹ ẹ̀pà mi lórí bẹ́ńṣì yìí, òní ni kí ẹ san án padà.”

Micah ti ṣí fóònù rẹ̀. Àkọ́kọ́ sọ pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni yóò rọ̀. Èkejì sọ pé ọgbọ̀n. Ẹ̀kẹta sọ pé kò ní sí òjò dídì rárá, òjò lásán ni.

“Èwo lo gbà gbọ́ nínú wọn?” Ìyá Rahmah bi í.

“Gbogbo wọn dára, mà.”

“Ìdajì kọ́ńgò, kọ́ńgò méjì àbọ̀, àti òjò lásán. Gbogbo wọn dára.” Ó yí sí mi. “Tíṣà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Micah.”

Mo gba fóònù náà. Mo ṣàlàyé fún wọn pé etí òkun ni Halifax wà, pé ìjì náà ń gba orí omi bọ̀, àti pé ibi tó bá gbà kọjá ni yóò pinnu rẹ̀. Bó bá jìnnà sí ilẹ̀, kò ní kàn wọ́n. Bó bá sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, òjò dídì ni. Bó bá wọ orí ilẹ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ òkun yóò yọ́ ọ, yóò sì di òjò. Mo fi ìka yà á sílẹ̀ nínú eruku. Mo ní gẹ́gẹ́ bí ohun tí mo rí, ìjì náà yóò jìnnà sí ilẹ̀, àti pé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n fún òjò dídì.

“Kí ni ọgọ́ta tó kù ń ṣe?”

“Ìyá Rahmah, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí a bá rí ọgọ́rùn-ún Ọjọ́bọ̀ tó dà bí tọ̀la, òjò dídì yóò rọ̀ ní ogójì nínú wọn.”

“Rahmah kò fẹ́ wọ ọkọ̀ ní ọgọ́rùn-ún Ọjọ́bọ̀, Tíṣà. Ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ wọ̀ ọ́.”

Àlàyé mi péye. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá fóònù náà padà fún Micah.

Bàbá Bọ́dúnrìn tún súẹ́tà rẹ̀ ṣe. “Ẹ jẹ́ kó sún un. Yóò rọ̀. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́ báyìí, ohun ńlá ló ń bọ̀.”

“Afẹ́fẹ́ ibo ló dúró jẹ́ẹ́?” mo bi í.

“Afẹ́fẹ́ ibí yìí.”

“Bàbá, Ìjẹ̀bú-Òde la wà.”

“Afẹ́fẹ́ kan náà ni, Tíṣà. Àbí afẹ́fẹ́ méjì ni ẹ̀ ń kọ́ wọn níléèwé?”

Mo fẹ́ dáhùn, Ìyá Rahmah ní kí n fi í sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú ògiri rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà èédú náà láti ọdún dé ọdún, ẹnu rẹ̀ sì ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ó yẹ kó máa bọ̀,” ló wí níkẹyìn.

Bàbá Bọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn. Ìyá Rahmah, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́. Ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ òkúta yẹn ló ń bá wa sọ̀rọ̀.”

Micah bojú rẹ́rìn-ín. Ìyá Rahmah kò bínú. Ó wo àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí omi wọn ń kán tó-tó sílẹ̀.

“Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn, Bàbá Bọ́dúnrìn. Mo ní, Mùínátù, ṣé kì í ṣe nítorí ẹ̀gẹ́? Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀gẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé mo lè tà á fún àwọn ará Odogbolu lọ́la, kí n sì lọ òmíràn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ wá wo ibí.”

A dìde lọ bá a. Ó tọ́ka sí àwọn àmì tó-tò-tó tó wà lábẹ́ àwọn ìlà gígùn.

“Ọdún méje rèé. Ìlà gígùn tó dá ọkọ̀ dúró jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ ka àmì abẹ́ wọn. Ọ̀kan. Ọ̀kan. Méjì. Ọ̀kan. Kò sí ibi tó ti ju méjì lọ. Kí sínóò rọ̀ títí, lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọn yóò ti kó o kúrò, ọkọ̀ á sì máa fò.” Ó fi ọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, èyí tí èédú rẹ̀ ti ń parẹ́. “Èyí ni ti ọdún tí Alhaji kú, mo bi Rahmah léèrè lẹ́yìn náà kí n tó yà á. Òun náà méjì, ọjọ́ tó padà sílé gan-an ni ọkọ̀ tún fò. Bí Rahmah bá ti jókòó dè é nígbà náà, ì bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kò ní bá àdúà, ṣùgbọ́n ì bá bá mi.”

“Ta ló ní kó padà?” Micah béèrè.

“Èmi ni.”

Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì mú ajọ̀ tó ń fọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ó pè mí láti ibẹ̀, mo ní àdúà ti parí, kí ló tún fẹ́ wá ṣe, kó máa lọ sílé. Mo rò pé ìfẹ́ ni. N kò mọ̀ nípa sínóò nígbà náà.”

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Rahmah pè. Ìyá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

“Máa bọ̀. Má sún un. Bó bá dá yín dúró, ẹ jókòó. Kó ẹní àdúà rẹ dání, kó oúnjẹ ọmọ dání. Ohunkóhun tó wù kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ, má padà sílé. Títí kan èmi náà.”

“Ṣé òjò dídì náà kò ní rọ̀ ni, Màámi?”

“Tíṣà ní kò ní rọ̀. Bàbá Bọ́dúnrìn ní yóò rọ̀. Micah ní gbogbo ẹ̀ dára. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí mò ń lọ sí ibi iṣẹ́, mo rí Ìyá Rahmah níwájú ògiri pẹ̀lú èédú lọ́wọ́. Ó ń ya ìlà kan, ó ń ya èkejì, ó gé èkejì kù díẹ̀. Kọ́ńgò méjì dín díẹ̀. Ó ti rọ̀ ní Halifax láti ìrọ̀lẹ́ wọn, ọkọ̀ kankan kò sì gbéra. Rahmah àti Fatihah wà ní ìjókòó ní pápákọ̀.

“Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ogójì yín ti pa ọgọ́ta yín.”

Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ṣìnà. Ó ní kò burú, pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń ṣìnà, èmi ni mo sì máa ń fi ínkì pupa kọ ọ́ fún wọn. Ó na èédú náà sí mi bóyá n ó fẹ́ lò ó. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo rò pé kò sùn.

Àwọn obìnrin tó ń bá a yan gàrí bi í ohun tí wọn yóò ṣe sí àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kọjá ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò kan jù, pé kí wọ́n yan án ní ọ̀la kí Rahmah bá a nílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé òkúta kan kúrò. Bí ọmọ òun bá lè jókòó dúró, ẹ̀gẹ́ náà á jókòó dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun Jímọ̀ tipẹ́, gbogbo wa wà lórí bẹ́ńṣì, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ̀pà. Bàbá Bọ́dúnrìn, tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ ìwọn-ooru rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìròyìn yóò gbà wọlé. Micah sọ fún wa pé òjò ti ń rọ̀ lórí òjò dídì náà báyìí ní Halifax, pé ó ti ń yọ́. Ó ní ẹ̀kẹta nínú àsọtẹ́lẹ̀ òun náà ti wá ṣẹ. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku díẹ̀, fóònù Ìyá Rahmah dún pẹ́rẹ́. Àwòrán ló wọlé: Fatihah lórí ìjókòó ọkọ̀, ó di bẹ́líìtì mọ́ ikùn, ó ń jẹ bisikíìtì.

Ìyá Rahmah wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi èédú sí àmì tó-tò-tó kan ṣoṣo sí abẹ́ ìlà tòwúrọ̀.

“Ọ̀kan,” ló wí. “Mo ní kò ní ju méjì lọ.”

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wọ ìlú, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọjọ́ méje ni Rahmah yóò lò dípò mẹ́jọ. Kí wọ́n tó dé, àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò lábẹ́ òkúta, wọ́n ti sẹ́ ẹ̀gẹ́ náà, ó ti ga nínú ọpọ́n, ó funfun báláú, wọ́n sì ti dá iná sábẹ́ agbada. Mo ti yà níbẹ̀ láti fi ojú mi rí i. Bàbá Bọ́dúnrìn ti ti ìsìn àárọ̀ bọ̀, ó wọ súẹ́tà lé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

N kò ní sọ ohun tí ìyá àti ọmọ ṣe nígbà tí wọ́n fojú kan ara wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀, eruku ẹ̀gẹ́ wà lára aṣọ dúdú Rahmah láti èjìká dé ìdí, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ̀n ọ́n kúrò.

Gàrí àkọ́kọ́ jáde nínú agbada. Ìyá Rahmah bù ú sínú ife, ó da omi tútù lé e, ó gbé e fún un. Gbogbo àwọn obìnrin náà dúró, wọ́n ń wò ó. Rahmah gbé e mu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó di ojú mọ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì gbéra.

“Ó kan, àbí?” ìyá rẹ̀ bi í. “Ọjọ́ márùn-ún ni. Sínóò rẹ ló fi kún un.”

“Ó kan, Màámi.” Ó tún gbé e mu. “Ẹ bù sí i.”

Fatihah kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó dé. Èéfín ń ta á lójú, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ kò fà á. Ó kàn jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà yọ orí jáde. Ó rí òkìtì funfun tó wà nínú ọpọ́n. Ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

“Sínóò,” ló wí.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀gẹ́ náà dé ìgúnpá. Ó bù ú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó sọ ọ́ di róbótó bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré. Ó wá ẹni tí yóò jù ú lù, ó rí súẹ́tà. Ó bá Bàbá Bọ́dúnrìn ní àyà.

“Mo sọ fún yín pé yóò rọ̀,” Bàbá Bọ́dúnrìn wí. Kò gbọ̀n ọ́n kúrò lára.

Ìyá Rahmah ti gbé ọmọ náà sórí itan rẹ̀, tòun ti ọwọ́ tó kún fún ẹ̀gẹ́. Fatihah kò janpata. Ó ń ṣe òmíràn róbótó.

“Rahmah, ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, Màámi. Bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ra nìyẹn, bó ṣe ń dún lábẹ́ ọwọ́ náà nìyẹn. Ó kàn tutù jù báyìí lọ ni.”

Ìyá Rahmah gbé ojú sókè wò mí. Mo rántí ohun tí mo sọ fún un ní ọdún méje sẹ́yìn, mo sì rí i pé òun náà rántí rẹ̀, gbólóhùn dé gbólóhùn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo rí i níwájú ògiri. Ó gbé Fatihah sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì mú èédú. Lábẹ́ àwọn ìlà Halifax, ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ya ìlà kúkúrú kan.

“Ti ibo nìyẹn?” mo bi í.

“Ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìdajì kọ́ńgò, lónìí.”

Mo sọ fún un pé ohun tí ọmọ náà bù kò tó ìdajì kọ́ńgò.

Ó ní kí n lọ mú rúlà mi wá.